Mìlímítà Méje Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Tíṣà

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà ni Èló-ni jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n náà dágbére fáyé. Kò sí ìwé, kò sí onídùúró. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ife tíì méjì tó wà lórí tábìlì nígbà tí owó ń kúrò lápò ẹnì kan bọ́ sápò ẹnì kejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbèsè náà bá òkú lọ, ọ̀nà là gbọọrọ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ka owó ẹlòmíràn kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ owó ó kà nígbà tó bá kan tirẹ̀.

Èló-ni kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló fi wá a. Bí o bá fún un ní àga, á kọ́kọ́ fọwọ́ gbá a, á ní, "Èló ni wọ́n rà á?" Bí wọ́n bá ní ọmọ ẹnì kan ti jáde ní yunifásítì, á ní ó mà dára o, èló ni gbogbo ẹ̀ ná wọn? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n ní kó fi òrùka sí ìyàwó lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ fi èékánná họ òrùka náà wò. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á o! Kò kàn gbàgbọ́ pé ẹni tó tà á fún un sọ òótọ́. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Owó àsansílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ló yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú. Èló-ni rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé gbèsè ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ má fẹ̀yìn ti àga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò dá mi lójú."

Obìnrin náà jókòó, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n yín ti kú."

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni, ó yẹ ká mọ irú iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀. Bàtà ni wọ́n ń ṣe, kì í sì í ṣe bàtà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó gún régé. Bàtà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ ni, fún ẹni tí eegun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tóbi tí èkejì sì rí bíi tọmọdé. Ìyá wọn ló kọ́kọ́ wọ irú ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni obìnrin yẹn fi ń tẹ̀ sápá kan bí ẹni tó gbé garawa omi, kí ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì í pẹ̀lú awọ àti ọ̀bẹ. Nígbà tó wọ bàtà náà tó sì nàró, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Àṣé mo ga tó báyìí!"

Iṣẹ́ akọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe nígbà náà. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ wá kógbá sílé, wọ́n sì ń ta kọ̀ǹpútà wọn bí ẹni ń ta àgékù pákó. Ẹ̀gbọ́n ra ọ̀kan. Ẹ̀rọ ńlá, tó rinlẹ̀ bí àpótí aṣọ, tó funfun nígbà náà, tó sì wá pọ́n bí eyín arúgbó nígbẹ̀yìn. Ó kọ́ èdè tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́, ó sì fi èdè náà kọ ètò bí ogójì, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ní ìlà-ìlà. Ètò kan fún gìgísẹ̀, ètò kan fún ọmọ ìka, ètò kan fún àtẹ́lẹ̀ bàtà. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti wọn ẹsẹ̀ oníbàárà, á tẹ ìwọ̀n náà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì bu iye tí wọ́n á gé awọ sí jáde. Odidi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń jẹun nídìí ẹ̀.

Èló-ni bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Yàrá mẹ́ta ni, tó kún fún òórùn awọ àti àtè. Bàbá Ọ̀bẹ, ọkùnrin tó ń gé awọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kò rí nǹkan gé. Èló-ni tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Èéfín ti sọ inú rẹ̀ di dúdú. Ibi tó ń gba iná ti jóná, ó sì ti fa gbogbo pátákó inú rẹ̀ mọ́ra lọ sọ́run.

"Ṣé kò ní ẹ̀yà tuntun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀?" ìyàwó ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Àwọn tó ń ṣe é gan-an ti kógbá sílé kí n tó gbéyàwó."

Bàbá Ọ̀bẹ mirí. "À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Mo rò pé o lè tún nǹkan ṣe ni."

"Bàbá, mo lè tún aláìsàn ṣe. Mi ò lè tún òkú ṣe."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ilé ìwòsàn eegun tó wà nígboro ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn wá. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ti ránṣẹ́ pé òun gbọ́ pé ọ̀gá ti kú, òun kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn òun kò lè dúró de ọ̀fọ̀. Kí wọ́n ṣe bàtà kan wá, ti Tíṣà, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Bí bàtà náà bá bá ẹsẹ̀ mu, iṣẹ́ á máa bọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bí kò bá bá a mu, iléeṣẹ́ kan wà lókè òkun tó ti ń fi ìwé ìpolówó lọ̀ wọ́n.

"Tí ilé ìwòsàn bá lọ, mo máa ti ilé iṣẹ́ yìí pa," obìnrin náà sọ. "Èmi, Bàbá Ọ̀bẹ, àti àwọn obìnrin méjì tó ń rán awọ. Gbogbo wa nìyẹn."

Èló-ni fa àga kan, ó gbá a lọ́wọ́, ó jókòó. Ìṣirò ló bẹ̀rẹ̀. Láti ra ètò tuntun lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, owó rẹ̀ á tó ra ilé. Láti kọ gbogbo ètò ẹ̀gbọ́n lákọ̀tun ní èdè ìgbàlódé, ogójì ètò, ẹni tó mọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń wá níbẹ̀ sì ti kú. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan túmọ̀, ẹsẹ̀ oníbàárà ló máa sọ fún un.

"Ọ̀nà kan ló kù," ó ní. "Àwọn ètò yẹn ò kú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ gbogbo wọn sórí bébà, àbí?"

"Páálí mẹ́rin ló kún, èsì àwọn oníbàárà náà wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ wò ó bíi lẹ́tà. Lẹ́tà wà nílẹ̀, ẹni tó gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ló kú. Kí ni màá wá máa tún lẹ́tà kọ sí? Màá kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun ní èdè àtijọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó bá gbọ́ ọ, gbogbo ogójì á jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan."

"Ta ló gbọ́ èdè náà láyé yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò kì í gbàgbé ẹ̀."

Ni Bàbá Ọ̀bẹ bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù Èló-ni láàárọ̀. "Èló ni, ọkọ mi? Ó yẹ kí ẹnì kan bi ẹ̀yin náà."

Èló-ni wo ilẹ̀. "Tó bá jẹ́ ará ìta ló gbé e wá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin."

Obìnrin náà wò ó títí. "Owó yẹn jọ owó kan tí mo mọ̀."

"Ó sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà! Orí ìrọ̀rí kan náà la jọ ń sùn sí."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Ó ní n ò gbọdọ̀ bi yín. Ó ní ẹ máa ka owó ara yín dé ilé fúnra yín."

Wọ́n fi í sí bẹ́ẹ̀. Bí bàtà Tíṣà bá ti bá ẹsẹ̀ mu, gbèsè tán.

Àárọ̀ ni Èló-ni ń ṣe iṣẹ́ náà, kí àwọn oníbàárà tó máa wọlé, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè ta wákàtí àárọ̀ fún. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èdè náà nígbà kan, ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tí ikán jẹ, inú orí rẹ̀ ló ti ń wá a. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó béèrè nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ní kó tẹ èsì jáde. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, fò lọ sí ìlà báyìí. Bó ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹ̀gbọ́n ń padà sí i létí, bó ṣe máa ń tẹ ìka mọ́ tábìlì tó bá ń ṣàlàyé. Nígbà mìíràn á gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọọ̀dù, á jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó ń san owó ìjókòó bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì bínú.

Ìgbà tó dé ibi ìṣirò ló ṣe ohun tó ṣe.

Ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé bí ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ bá pàdé nínú ìlà kan, ìsọdipúpọ̀ ni àgbà, òun la kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé méjì, ro mẹ́ta mọ́ ọn, lọ́nà mẹ́rin, a ó kọ́kọ́ wá mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, a ó wá ro méjì mọ́ ọn: mẹ́rìnlá. Èdè àtijọ́ yẹn kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Bí èèyàn ti tò níwájú akápò ní báǹkì ló ṣe ń ṣe é, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Méjì àti mẹ́ta, márùn-ún. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, ogún.

Èló-ni rántí rẹ̀ dáadáa. Òun àti ẹ̀gbọ́n ti jiyàn lórí rẹ̀ nígbà kan, òun ní ẹ̀rọ yìí ò lọ síléèwé, ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí tó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ó ní kí ló dé tí òun á fi gbé e wá bẹ́ẹ̀? Ta ló ń kọ́ ilé tuntun tó tún ń gbé jíjò òrùlé àtijọ́ mọ́ ọn? Bí òun bá fi àbùkù náà sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ó máa gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó sì dá a lójú pé ẹ̀gbọ́n òun, ọlọ́gbọ́n èèyàn, á ti fi àmì àkámọ́, tó ń ya ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣírò sọ́tọ̀, sí gbogbo ibi tó bá ti lè dàrú. Ó bá tún un ṣe. Ó kọ́ èdè náà ní ìwà ọmọlúàbí. Inú rẹ̀ dùn sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, gbogbo ilé iṣẹ́ dúró yí kọ̀ǹpútà ká. Èló-ni tẹ ètò àkọ́kọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó mọ́, lẹ́tà ńláńlá sì jáde bó ṣe máa ń jáde lójú ẹ̀rọ tó kú:

E KU ISE. ESE TA NI?

Ẹ̀gbọ́n ló kọ ìkíni yẹn síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bàbá Ọ̀bẹ ní, "Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ tèmi ni. Ó mọ̀ mí."

Wọ́n tẹ ìwọ̀n ẹsẹ̀ Bàbá Ọ̀bẹ. Èsì jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀ ti èyí tó wà nínú páálí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò fi bínńtín yàtọ̀. Wọ́n tẹ ti àwọn obìnrin méjèèjì, bákan náà. Bàbá Ọ̀bẹ pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀. Wọ́n tẹ ti Tíṣà, wọ́n gé, wọ́n rán, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n kùn ún. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó rẹwà tó fi jẹ́ pé Èló-ni béèrè lẹ́ẹ̀mejì iye tí wọ́n á tà á.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn gùn, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Tíṣà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó wọ bàtà, ó dìde. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín ni, tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun kan ń bá ẹsẹ̀ kejì ṣe bojúbojú. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Èèyàn kò nílò ìwé láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èjìká rẹ̀ kan ń lọ sílẹ̀ bí òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé ẹrù lé lápá kan.

"Ó rẹwà o," Tíṣà ní, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dunni. "Ó kàn jọ pé mò ń rìn létí gọ́tà ni."

Nọ́ọ̀sì àgbà kò wá ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ìbàdí Tíṣà lọ́tùn-ún lósì, ó dìde. "Mọ́mì, mo mọ ọkọ yín. Kò fún mi ní irú èyí rí. Mo lè dúró títí oṣù yìí á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má bínú sí mi."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé bàtà náà sórí itan. Èló-ni ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó awọ. Ẹgbẹ̀rún méjìlá, láì ka àtè àti òwú. Ojú ń tì í pé òun ń ṣírò, kò sì lè dá a dúró.

Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá Ọ̀bẹ ni ẹ̀bi náà kọ́kọ́ já lé lórí. "Bàbá, ó dà bíi pé ẹ gé kọ́ọ̀kì yẹn kéré," Èló-ni ní.

"Èmi?"

"Ojú yín ti ń di ojú àgbà. Kì í ṣe èébú."

"Èló-ni! Ojú mi rí ọ nígbà tí o ò tíì ní eyín! Gbé ìwọ̀n rẹ wá. Ọ̀bẹ mi kì í purọ́, àfi bí wọ́n bá parọ́ fún un."

Èló-ni wọn kọ́ọ̀kì náà, ìyẹn èèpo igi rírọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ tó kúrú ga. Mìlímítà mẹ́tàlélógójì. Ó wo bébà tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde. Mẹ́tàlélógójì. Bàbá Ọ̀bẹ káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Kò bú u. Ìbá sàn kó bú u.

Bàtà àtijọ́ Tíṣà, èyí tí ẹ̀gbọ́n ṣe fún un, wà lórí pẹpẹ. Ó ti gbó, Tíṣà sì ti ní kí wọ́n bá òun dà á nù. Bébà èsì tirẹ̀ kò sí nínú páálí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti mọ bí kọ́ọ̀kì inú rẹ̀ ṣe ga tó: kí wọ́n la bàtà náà sí méjì. Èló-ni mú un, ó yí i padà, ó rí ojú òwú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ rán, tó tẹ̀ léra bí eyín. Kò lè bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó wa, èyí ni ìkẹyìn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán?"

"Òun ni."

"Ẹ jẹ́ n wá ọ̀nà mìíràn."

"Ọ̀nà wo?" Ó na ọwọ́ sí Bàbá Ọ̀bẹ, ó gba ọ̀bẹ, ó fi èèkù rẹ̀ lé Èló-ni lọ́wọ́. "Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Kí n máa wò ó nígbà tí mo bá ti ilé iṣẹ́ pa tán? Ẹ là á."

Ó là á. Níbi tí gìgísẹ̀ Tíṣà ti ń tẹ̀ ẹ́, kọ́ọ̀kì ti wọlẹ̀, ó ti le bí pákó. Ṣùgbọ́n létí ẹ̀yìn, níbi tí ìwúwo kò dé, ó ṣì dúró bí ọjọ́ tí wọ́n gé e. Èló-ni fi ìwọ̀n sí i. Àádọ́ta.

Àádọ́ta, àti mẹ́tàlélógójì. Mìlímítà méje.

Ó fa bébà ètò náà jáde, ó wá ìlà tó ń ṣírò gíga. Gíga tí ẹsẹ̀ Tíṣà nílò, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ro àtẹ́lẹ̀ tí gbogbo bàtà ń ní mọ́ ọn, méjìlá. Lẹ́yìn náà ni ìsọdipúpọ̀, nítorí pé kọ́ọ̀kì máa ń wọlẹ̀ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ga sí i kó tó lè ṣẹ́ kù bó ṣe yẹ. Kò sí àmì àkámọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ á kọ́kọ́ ro méjìdínlọ́gbọ̀n àti méjìlá pọ̀, ogójì, á wá fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ lé e: àádọ́ta. Kọ̀ǹpútà tí òun kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí fi ìdá mẹ́rin lé méjìlá nìkan, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wá ro méjìdínlọ́gbọ̀n mọ́ ọn: mẹ́tàlélógójì. Ti Bàbá Ọ̀bẹ àti ti àwọn obìnrin bára mu nítorí pé awọ líle ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Awọ líle kì í wọlẹ̀, ìlọ́po rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ẹyọ kan kì í sì í dá nǹkan rú, ibi yòówù kí wọ́n fi í sí.

Ó wá rántí bí iyàn ọjọ́ yẹn ṣe parí. Òun ti ní kí ẹ̀gbọ́n máa fi àkámọ́ sí i, kó lè bá ti iléèwé mu. Ẹ̀gbọ́n sì dáhùn pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà kéré, gbogbo àmì ló ń gba àyè, àyè sì ni owó. "Bí mo bá mọ bó ṣe ń kà á, kí ni mo tún fẹ́ máa ra àkámọ́ sí?"

Èló-ni jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgékù awọ, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń pe òun ní ahun, àṣé ẹ̀gbọ́n òun ló jù, ẹni tó ń ṣọ́ àmì àkámọ́ ná!

"Kí ló dé?" ìyàwó ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹ̀bi mi ni. Mo tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe." Ó dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ọ̀bẹ, nínú ẹ̀kún àti ẹ̀rín náà. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo parọ́ fún ọ̀bẹ yín."

"Dìde, aṣọ rẹ á lẹ̀ mọ́ àtè. O sì máa bi mí pé èló ni ọṣẹ."

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí. Ohun tí Èló-ni fi ọjọ́ púpọ̀ tún ṣe, kí tíì ife kan tó tutù ló ti tú u. Ìlà mẹ́ta péré ló pa rẹ́. Kọ̀ǹpútà tuntun gbàgbé ẹni tó jẹ́ àgbà nínú ìṣirò, ó ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ti tò. Ó tẹ ti Tíṣà sí i. Àádọ́ta. Lẹ́yìn náà, ó kó gbogbo páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó mú èsì àtijọ́ oníkọ́ọ̀kì mìíràn, àti òmíràn, ó ń fi wọ́n wéra títí Bàbá Ọ̀bẹ fi ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun rí ibi jókòó.

Wọ́n ra awọ mìíràn. Èló-ni ló sanwó rẹ̀, kò sì dúnàádúrà. Àwọn obìnrin tó ń rán awọ wo ara wọn.

Oṣù kò tíì parí tí wọ́n fi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Tíṣà wọ bàtà, ó dìde, ó dúró. Ó pẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó rìn, ó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yípo, ó ń bọ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba bí pẹpẹ tí gbẹ́nàgbẹ́nà rere kàn. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọjá wọn, ó tún lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, ó mi orí pé ó dáa, ó yọ bébà kan lápò, ó nà án sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n. "Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló ń dúró. Ẹ wá wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ Ajé."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gba bébà náà, ó kó o sínú báàgì, ó sì ti báàgì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Èló-ni wá sí ilé iṣẹ́ pẹ̀lú àpòòwé kan. Ó bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ ìwọ̀n sí i.

"Ìyàwó wa, ẹ gba èyí."

"Kí ni?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ti tán, bí a ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n awọ bàtà àkọ́kọ́ tí mo bà jẹ́, owó yín ni wọ́n fi rà á. Ẹgbẹ̀rún méjìlá. Mi ò tíì ka àtè."

"Mi ò gbà á."

"Gbèsè ni!"

"Mo gbọ́. Gbèsè ni." Obìnrin náà yí àga rẹ̀ padà, ó wò ó tààrà. "Ọkọ mi, nígbà tí ẹ jẹ ẹ̀gbọ́n yín lówó, gbogbo Sátidé lẹ máa ń wá síbí. Ẹ̀ ń sọ pé ẹ wá ṣàlàyé ìdí tí owó ò fi tíì pé. Ẹ̀yin méjèèjì á mu tíì tí mo rà, ẹ ó pariwo títí a ó fi lé yín. Láti ìgbà tó ti kú, ó di ìgbà tí ẹ̀rọ jóná kí n tó rí yín. Tí ẹ bá wá san eléyìí tán, kí lẹ tún fẹ́ máa wá ṣe níbí?"

Èló-ni dúró pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò.

"Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ní gbogbo Sátidé," ó ní nígbẹ̀yìn, "láàárín ọdún kan péré, á ju ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ."

"Ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa."

"Mo ti ṣírò ẹ̀."

"Àti tíì ńkọ́?"

"Tíì, ẹ̀yin lẹ máa ń rà á."

Láti yàrá kejì, Bàbá Ọ̀bẹ ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin yẹn sanwó o, òun kò ní rí ẹni tí òun á máa bá jà mọ́. Èló-ni ká àpòòwé náà sí méjì, ó fi í padà sápò. Ó fa àga, ó gbàgbé láti fọwọ́ gbá a, ó jókòó. Lójú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè náà ń dúró de ẹni tó máa dá a lóhùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n tẹ orúkọ oníbàárà tó kàn, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án, ó sì ní kí Èló-ni máa ka ìwọ̀n rẹ̀ fún òun.